Ohun tí Ọ̀rọ̀ Gíríìkì inú Májẹ̀mú Tuntun Ń Sọ, àti Ohun tí A Ń Fi Sí I Lẹ́nu

Gbólóhùn kan wà tí etí àwọn tí ń gbọ́ ìwàásù ti mọ̀ dunjú, yálà nínú ilé ìjọsìn ni o tàbí lórí rédíò àti YouTube: "Ní èdè Gíríìkì tí wọ́n fi kọ ọ́ gan-an..." Bí oníwàásù bá ti sọ èyí, iyàn ti parí, nítorí àwọn tí ó gbọ́ Gíríìkì láàárín ìjọ kò tó nǹkan, ẹni tí kò sì gbọ́ ọ kò ní ohun tí yóò fi jiyàn. Ọ̀rọ̀ tí ó sábà máa ń tẹ̀lé gbólóhùn yìí ni dunamis. Wọ́n á ní òun ni Bíbélì Yorùbá pè ní "agbára" nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 1, ẹsẹ 8. Wọ́n á ní inú rẹ̀ ni dáínámáìtì, ohun abúgbàù tí wọ́n fi ń fọ́ àpáta, ti jáde. Nítorí náà, agbára tí Jésù ṣèlérí rẹ̀ jẹ́ agbára tí ń bú gbàù, tí ń fọ́ gbogbo ìdènà túútúú.

Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ méjèèjì tan mọ́ra. Alfred Nobel, ará ilẹ̀ Sweden, ni ó ṣe dáínámáìtì jáde ní 1867, inú Gíríìkì ni ó sì ti yá orúkọ tí ó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan bí 1,800 ọdún ni ó wà láàárín Nobel àti Lúùkù tí ó kọ ìwé Ìṣe, ohun tí Nobel ṣe kò sì lè sọ fún wa ohun tí ó wà lọ́kàn Lúùkù. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí dunamis jẹ́ létí àwọn tí ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ nígbà náà, ibi tí wọ́n ti lò ó ni kí a wò. Nínú Mátíù orí 25, ẹsẹ 15, olówó kan pín tálẹ́ńtì fún àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, olúkúlùkù gẹ́gẹ́ bí dunamis rẹ̀ ti rí, èyí tí kò ju bí agbára ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe mọ lẹ́nu òwò. Nínú Kọ́ríńtì Kìíní orí 14, ẹsẹ 11, ibi tí Pọ́ọ̀lù ti ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ń fọ èdè tí ẹlòmíràn kò gbọ́, dunamis ohùn ni ó pe ohun tí olùgbọ́ kò mọ̀, "ìtumọ̀" sì ni àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá fi síbẹ̀, wọn kò sì ṣìnà. Ọ̀rọ̀ tí à ń sọ pé ó ń bú gbàù yìí kan náà ni Gíríìkì fi ń pe ohun tí ọ̀rọ̀ túmọ̀ sí.

Ọ̀nà méjì ni a sábà máa ń gbà ṣi ọ̀rọ̀ Bíbélì lò. Ọ̀nà kìíní ni kí a ti ara ọ̀rọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ jáde lára rẹ̀ túmọ̀ rẹ̀, bí ti dáínámáìtì. Ọ̀nà kejì, tí ó ṣòro láti rí jù ú lọ nítorí pé ó jọ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, ni kí a tú ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́, kí a wá sọ pé ohun tí ó wà ní gbòǹgbò rẹ̀ ni ó túmọ̀ sí níbi gbogbo. Àwọn tí ń sọ èdè kò gbé ayé bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà máa ń sọ pé inú "ìyà Ìwó" ni ọ̀rọ̀ náà "ìyàwó" ti wá, nítorí ìyà tí ẹnì kan jẹ ní Ìwó lórí obìnrin tí ó fẹ́ fẹ́. Yálà ìtàn náà rí bẹ́ẹ̀ tàbí kò rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó kọ "ìyàwó" sára káàdì ìpè sí ìnáwó kò ní ìyà kankan lọ́kàn, kò sì sí àlejò tí yóò torí káàdì náà béèrè ọ̀nà Ìwó.

Gíríìkì tí wọ́n fi kọ Májẹ̀mú Tuntun kì í ṣe Gíríìkì àwọn akéwì àti onímọ̀ ọgbọ́n orí àtijọ́ ní Áténì. Lẹ́yìn tí Alexander ará Masidóníà, tí ó kú ní 323 ṣáájú ìbí Jésù, ti fi ogun gba ilẹ̀ láti Íjíbítì títí dé ìhà Íńdíà, Gíríìkì di èdè tí oríṣiríṣi ẹ̀yà fi ń bá ara wọn ṣòwò, tí wọ́n fi ń ṣẹjọ́, tí wọ́n sì fi ń kọ lẹ́tà. Èyí ni wọ́n ń pè ní Koine, èyíinì ni èdè ti gbogbogbòò. Ní Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì, láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹta ṣáájú ìbí Jésù, àwọn Júù bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ Ìwé Mímọ́ wọn láti èdè Hébérù sí Koine yìí. Ìtumọ̀ náà ni à ń pè ní Septuagint, òun sì ni Bíbélì tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kọ Májẹ̀mú Tuntun ń fà yọ. Ẹni tí ó bá ń wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Gíríìkì inú Bíbélì tí kò wo Septuagint ti fo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ aṣọ ìsìn.

Títí di òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn ọ̀mọ̀wé kan gbà pé Gíríìkì Májẹ̀mú Tuntun jẹ́ èdè àrà ọ̀tọ̀ tí Ẹ̀mí Mímọ́ dá sílẹ̀ fún ìwé yẹn nìkan, nítorí pé wọ́n ń rí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ tí wọn kò rí nínú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé àtijọ́. Àkìtàn ni ó tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Láti òpin ọdún 1896, àwọn ọ̀dọ́ ọ̀mọ̀wé méjì láti Oxford, Bernard Grenfell àti Arthur Hunt, ń wa àkìtàn ìlú àtijọ́ kan tí à ń pè ní Oxyrhynchus ní Íjíbítì, níbi tí òjò kì í ti í sábà rọ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé páápírù, èyí tí wọ́n fi koríko etí odò ṣe, ni wọ́n sì hú jáde níbẹ̀: lẹ́tà ọmọ sí baba, ìwé àdéhùn, rìsíìtì owó orí, ìwé ìpè sí àsè. Adolf Deissmann, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, fi irú àwọn ìwé wọ̀nyí hàn pé èdè ọjà àti èdè ilé ni ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n rò pé ó jẹ́ èdè Ẹ̀mí. Ẹ wo arrabon, ọ̀rọ̀ tí Pọ́ọ̀lù lò nípa Ẹ̀mí Mímọ́ nínú Éfésù orí 1, ẹsẹ 14. Nínú àwọn páápírù, òun ni owó àsansílẹ̀ tí ẹni tí ó fẹ́ ra màlúù máa ń fi lélẹ̀, tàbí èyí tí wọ́n máa ń fún àwọn oníjó tí wọ́n háyà fún ayẹyẹ, kí ó má bàa di pé ẹnì kan yẹ àdéhùn. Nínú Septuagint, òun ni òrùka, okùn àti ọ̀pá tí Júdà fi ṣe ìdúró lọ́wọ́ Támárì nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 38 títí yóò fi rí ọmọ ewúrẹ́ fi ránṣẹ́. Àwọn Gíríìkì òde òní ṣì ń lo ọ̀rọ̀ yìí fún àdéhùn ìgbéyàwó. Ẹni tí ó ka Éfésù nígbà náà kò nílò àlàyé kankan: Ọlọ́run ti san àsansílẹ̀, ìyókù ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí àṣìṣe gbòǹgbò ti ń ṣẹlẹ̀ jù ni ekklesia, èyí tí Bíbélì Yorùbá pè ní "ìjọ". Wọ́n á tú u sí méjì: ek, "láti inú", àti kaleo, "pè". Wọ́n á wá sọ pé ìjọ túmọ̀ sí àwọn tí Ọlọ́run pè jáde kúrò nínú ayé. Ẹ̀kọ́ náà dára, ó sì wà nínú Bíbélì ní ibòmíràn, ṣùgbọ́n kì í ṣe inú ọ̀rọ̀ yìí ni ó wà. Ní Áténì, ekklesia ni ìpàdé àwọn ọkùnrin ọmọ ìlú tí wọ́n máa ń péjọ lórí òkè Pnyx láti dìbò lórí ogun, owó ìlú àti òfin. Nínú Septuagint, òun ni wọ́n fi túmọ̀ ọ̀rọ̀ Hébérù tí ó jẹ́ àpéjọ Ísírẹ́lì níwájú Olúwa, ìdí sì nìyí tí Sítéfánù fi lè pe Ísírẹ́lì ìgbà Mósè ní ekklesia nínú aginjù, nínú Ìṣe orí 7, ẹsẹ 38.

Ibi tí ó mọ́lẹ̀ jù ni Ìṣe orí 19. Dèmétíríù alágbẹ̀dẹ fàdákà ti ru ìlú Éfésù sókè nítorí pé ìwàásù Pọ́ọ̀lù ń ba ọjà òrìṣà wọn jẹ́. Ìlú ya wọ ibi ìwòran, wọ́n ń pariwo, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ ìdí tí wọ́n fi wá. Ní ẹsẹ 32, Lúùkù pe àwùjọ onírúkèrúdò yìí ní ekklesia. Ní ẹsẹ 39, akọ̀wé ìlú sọ fún wọn pé bí wọ́n bá ní ọ̀ràn mìíràn, kí wọ́n gbé e lọ sí ekklesia tí ó bófin mu. Ní ẹsẹ 41, ó tú ekklesia náà ká. Ìgbà mẹ́ta nínú ẹsẹ mẹ́wàá, kò sì sí ọ̀kan tí ó jẹ́ ìjọ Ọlọ́run. Méjì jẹ́ àwọn tí ń pariwo pé Átẹ́mísì, òrìṣà Éfésù, tóbi, ọ̀kan sì jẹ́ ìpàdé ìlú. Bí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ "àwọn tí Ọlọ́run pè jáde", Lúùkù ti sọ ohun tí kò yẹ kí ó sọ. Bí ó bá jẹ́ "àpéjọ", ohun gbogbo tọ́, ohun tí ó sì mú ìjọ Kristi yàtọ̀ ni ẹni tí ó ni àpéjọ náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi pè é.

Bákan náà ni hamartia, "ẹ̀ṣẹ̀". Pé ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ jẹ́ kí ọ̀kọ̀ tàbí ọfà má ba ibi tí a fojú sùn jẹ́ òtítọ́. Nínú ewì Homer, akéwì Gíríìkì àtijọ́, ni ó ti wà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi dé ẹnu Pọ́ọ̀lù, ó ti di ìwà àìtọ́ sí Ọlọ́run àti ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, mo sì máa ń kíyè sí i pé àwọn tí ó fẹ́ràn àpèjúwe ọfà yìí jù ni àwọn tí wọ́n fẹ́ kí ẹ̀ṣẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀.

Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, èyí tí ó ti di ẹ̀kọ́ pátápátá ni ìyàtọ̀ láàárín logos àti rhema. Ẹ̀kọ́ náà sọ pé logos ni ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tí a kọ sínú ìwé, fún gbogbo ènìyàn, àti pé rhema ni ọ̀rọ̀ tí Ẹ̀mí sọ fún ẹnì kan pàtó ní àkókò kan pàtó. Wọ́n ti fi rhema sọ ìjọ lórúkọ, wọ́n ti fi sọ ìpàdé àdúrà, ẹni tí ó bá sì sọ pé òun ti "gba rhema" kì í fẹ́ gbọ́ pé kí á tún un wò. Kí ènìyàn máa retí pé Ọlọ́run yóò bá òun sọ̀rọ̀ kò burú. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn tí ó kọ Májẹ̀mú Tuntun kò mọ ìyàtọ̀ yìí.

Ẹ ṣí Ìṣe orí 10, ẹsẹ 44. Pétérù wà ní ilé Kọ̀nílíù. Bí ó ti ń sọ àwọn rhema wọ̀nyí lọ́wọ́, ni Lúùkù wí, Ẹ̀mí Mímọ́ bà lé gbogbo àwọn tí ń gbọ́ logos náà. Ẹnu kan náà, ìwàásù kan náà, gbólóhùn kan náà. Nínú Pétérù Kìíní orí 1, ẹsẹ 23, logos Ọlọ́run tí ó wà láàyè ni ó tún wa bí. Ẹsẹ méjì lẹ́yìn rẹ̀, rhema Olúwa ni ó dúró títí láé, rhema yìí sì ni ìyìn rere tí a ti wàásù fún yín. Bí ẹ̀kọ́ náà bá tọ̀nà, èyí tí ó dúró títí láé ni ó yẹ kí ó jẹ́ logos. Ẹ̀rí tí ó le jù wà nínú Mátíù orí 12, ẹsẹ 36, níbi tí Jésù ti sọ pé gbogbo rhema asán tí ènìyàn bá sọ, wọn yóò fún Ọlọ́run ní logos rẹ̀ ní ọjọ́ ìdájọ́. Rhema nínú ẹsẹ yìí ni ìsọkúsọ. Logos ni ìṣirò tí ènìyàn máa jẹ́. Logos jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó gbòòrò: ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, ìṣirò owó, ìdí abájọ, ẹjọ́, títí dé Logos tí ó wà ní àtètèkọ́ṣe nínú ìyìn rere Jòhánù.

Èdè wa fún àwa Yorùbá ní àǹfààní níhìn-ín, ó sì yà mí lẹ́nu pé a kì í lò ó. Nínú Lúùkù orí 2, ẹsẹ 15, àwọn olùṣọ́-àgùntàn sọ pé kí àwọn lọ sí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù lọ wo rhema tí ó ṣẹlẹ̀. Báwo ni ènìyàn ṣe ń wo ọ̀rọ̀? Ọ̀rọ̀ Hébérù kan, dabar, wà tí ó jẹ́ ohun tí a sọ, tí ó tún jẹ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, nígbà tí àwọn atúmọ̀ Septuagint sì dé ìdí rẹ̀, wọ́n fi logos túmọ̀ rẹ̀ níhìn-ín, wọ́n fi rhema túmọ̀ rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹni tí ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní láti jókòó kọ́ èyí. Àwa ní tiwa, bí a bá sọ pé "ọ̀rọ̀ ńlá ṣẹlẹ̀ ládùúgbò wa lánàá", kò sẹ́ni tí yóò béèrè pé ta ni ó sọ ọ́.

A kò gbọdọ̀ fi agape sílẹ̀, nítorí òun ni ó lókìkí jù. Wọ́n kọ́ wa pé agape ni ìfẹ́ Ọlọ́run, tí kò retí nǹkan padà, àti pé phileo ni ìfẹ́ ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́, tí kò jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Orí èyí ni wọ́n gbé Jòhánù orí 21 kà: ẹ̀ẹ̀mejì ni Jésù fi ọ̀rọ̀-ìṣe agapao bi Pétérù bóyá ó fẹ́ràn òun, Pétérù fi phileo dáhùn, ní ìgbà kẹta, Jésù náà lo phileo. Àlàyé tí ó gbajúmọ̀ ni pé Pétérù kò lè dé òkè, ni Jésù bá sọ̀kalẹ̀ wá bá a. Ó dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wò ó bóyá Jòhánù fúnra rẹ̀ ń ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀. Nínú orí 3, ẹsẹ 35, Baba fẹ́ràn Ọmọ, agapao ni. Nínú orí 5, ẹsẹ 20, Baba fẹ́ràn Ọmọ, phileo ni. Ọmọ ẹ̀yìn tí Jésù fẹ́ràn ni agapao nínú orí 13. Nínú orí 20, ẹsẹ 2, phileo ni. Kódà nínú orí 21 náà, Jòhánù pààrọ̀ ọ̀dọ́ àgùntàn pẹ̀lú àgùntàn, ó pààrọ̀ "bọ́" pẹ̀lú "ṣọ́", ó sì lo ọ̀rọ̀ méjì fún "mọ̀". Òǹkọ̀wé tí kì í fẹ́ tún ọ̀rọ̀ kan sọ lásọtúnsọ ni.

Bí agape bá jẹ́ ìfẹ́ mímọ́ nígbà gbogbo, a ó wà nínú ìdààmú ní ibòmíràn. Nínú Jòhánù orí 3, ẹsẹ 19, àwọn ènìyàn fẹ́ràn òkùnkùn ju ìmọ́lẹ̀ lọ: agapao. Démà fi Pọ́ọ̀lù sílẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ràn ayé ìsinsìnyí, nínú Tímótíù Kejì orí 4: agapao. Nínú Lúùkù orí 11, ẹsẹ 43, àwọn Farisí fẹ́ràn ipò ọlá nínú sínágọ́gù, agapao ni. Mátíù sọ ọ̀rọ̀ yìí kan náà nínú orí 23, ẹsẹ 6, phileo ni ó sì fi sọ ọ́. Èyí tí ó burú jù wà nínú Septuagint, nínú Sámúẹ́lì Kejì orí 13. Ámínónì, ọmọ Dáfídì, ń ṣojúkòkòrò sí Támárì àbúrò rẹ̀, ó sì fi ipá bá a lòpọ̀; lẹ́yìn náà ni ó wá kórìíra rẹ̀ ju agape tí ó ti ní sí i tẹ́lẹ̀ lọ. Agape ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ohun tí ó mú ìfẹ́ Ọlọ́run ga nínú Jòhánù orí 3, ẹsẹ 16 ni pé ó fi Ọmọ rẹ̀ fúnni, gbólóhùn náà fúnra rẹ̀ ni ó sì sọ bẹ́ẹ̀. Kọ́ríńtì Kìíní orí 13 náà kò gbára lé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, Pọ́ọ̀lù jókòó ṣàlàyé irú ìfẹ́ tí ó ń sọ.

Nípa zoe, "ìyè", tí wọ́n ní ó jẹ́ irú ìyè tí Ọlọ́run nìkan ní, ẹsẹ kan tó: nínú Lúùkù orí 16, ẹsẹ 25, Ábúráhámù rán ọlọ́rọ̀ tí ó wà nínú iná létí pé ó ti gba ohun rere tirẹ̀ nígbà zoe rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó mú ìyè inú Jòhánù ṣe pàtàkì ni "àìnípẹ̀kun" tí ó tẹ̀lé e.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń sọ pé Gíríìkì kò wúlò fún ẹni tí kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ó wúlò gan-an níbi tí ìtumọ̀ bá ti ya ohun tí ó jẹ́ ọ̀kan sí méjì. Parakletos jẹ́ irú èyí. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré ni ó wà nínú Májẹ̀mú Tuntun. Nínú ìyìn rere Jòhánù, ẹ̀ẹ̀mẹrin, Bíbélì wa pè é ní Olùtùnú, Ẹ̀mí Mímọ́ sì ni. Nínú Jòhánù Kìíní orí 2, ẹsẹ 1, ó pè é ní alágbàwí, Jésù Kristi sì ni. Ẹni tí ó bá ń ka Yorùbá nìkan kò lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni. Bí ó bá sì mọ̀ ọ́n, yóò tètè yé e ìdí tí Jésù fi sọ pé Baba yóò rán Olùtùnú "mìíràn", nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ni ẹni àkọ́kọ́. Parakletos ni ẹni tí ó dúró tini níbi ẹjọ́, tí ó ń gba ọ̀rọ̀ ẹni sọ. Àwọn rábì pàápàá yá ọ̀rọ̀ náà wọ èdè Hébérù tiwọn. Bákan náà ni angelos, tí ó jẹ́ oníṣẹ́, ẹni tí a rán, yálà láti ọ̀run tàbí láti ìlú kejì. Àwọn tí Jòhánù Onítẹ̀bọmi rán sí Jésù nínú Lúùkù orí 7 jẹ́ angelos, bẹ́ẹ̀ ni àwọn amí tí Ráhábù gbà sílé nínú Jákọ́bù orí 2. Nígbà tí Ìfihàn wá kọ lẹ́tà sí angelos ìjọ kọ̀ọ̀kan, atúmọ̀ ní láti yan ọ̀kan. Ó yan áńgẹ́lì, òǹkàwé kò sì mọ̀ pé yíyàn ni.

Yíyàn tí ó le jù nínú Bíbélì Yorùbá wà lórí diabolos. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì yìí jẹ́ afọ̀rọ̀bàjẹ́ni, ẹni tí ń fẹ̀sùn èké kan ènìyàn, àwọn atúmọ̀ Septuagint sì lò ó fún Sátánì nínú ìwé Jóòbù, níbi tí ó ti ń ba Jóòbù jẹ́ níwájú Ọlọ́run. Àjàyí Crowther àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ìtumọ̀ náà, tí odindi Bíbélì fi jáde ní 1884, fi Èṣù síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú Tímótíù Kìíní orí 3, ẹsẹ 11, ibi tí Pọ́ọ̀lù ti ní kí àwọn obìnrin inú ìjọ má ṣe jẹ́ diabolos, wọn kò fi Èṣù síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ni wọ́n kìlọ̀ nípa rẹ̀, bí ó ti yẹ. Wọ́n mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Èṣù tí àwọn babaláwo mọ̀, ẹni tí ń gbé ẹbọ dé ọ̀run, kì í ṣe afọ̀rọ̀bàjẹ́ni nínú ìwé Jóòbù, àríyànjiyàn tí ó ń lọ lórí rẹ̀ títí di òní kò sì ti ọwọ́ Gíríìkì wá rárá.

Ẹni tí ó bá fẹ́ yẹ irú nǹkan wọ̀nyí wò fúnra rẹ̀ kò nílò ọdún mẹ́rin ní ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì. Kọ̀ńkọ́dáǹsì tí James Strong, ará Amẹ́ríkà, tẹ̀ jáde ní 1890 fún ọ̀rọ̀ Gíríìkì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ó sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àǹfààní rẹ̀ ni pé yóò to gbogbo ẹsẹ tí ọ̀rọ̀ náà ti wà síwájú yín. Ewu rẹ̀ wà ní ìparí àlàyé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, níbi tí Strong to oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ tí Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ fi túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà sí. Àwọn kan ń ka èyí bí ẹni pé àkójọ ìtumọ̀ ni, tí ènìyàn lè mú èyí tí ó bá wù ú. Lábẹ́ dunamis, nọ́ńbà 1411, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ "ọ̀pọ̀". Ibi kan ṣoṣo ni ó ti wá, Ìfihàn orí 18, ẹsẹ 3, níbi tí àwọn oníṣòwò ayé ti di ọlọ́rọ̀ nípa ọ̀pọ̀ wọ̀bìà Bábílónì. Ẹni tí ó bá gbé "ọ̀pọ̀" yìí lọ sínú Ìṣe orí 1, kí ó lè wàásù pé Jésù ṣèlérí ọrọ̀, ọrọ̀ Bábílónì ni ó fi wàásù.

Irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a ṣe fún tetelestai, "Ó parí", tí Jésù sọ lórí àgbélébùú. Wọ́n ní òun ni àwọn Gíríìkì ń kọ sórí rìsíìtì, pé gbèsè ti tán. Ẹ̀rí rẹ̀ kò lágbára tó ariwo rẹ̀: ọ̀rọ̀ tí wọ́n gé kúrú lórí rìsíìtì owó ibodè ni wọ́n gbé e kà, a sì lè ka ọ̀rọ̀ tí a gé náà sí ohun mìíràn. Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ lè jẹ́ "san", bí i nínú Róòmù orí 13 lórí owó orí, ṣùgbọ́n ẹsẹ méjì ṣáájú, nínú Jòhánù orí 19, ẹsẹ 28, Jòhánù ti lo ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, láìyí nǹkan kan padà lára rẹ̀, láti sọ pé Jésù mọ̀ pé ohun gbogbo ti parí. Rìsíìtì gidi wà nínú Májẹ̀mú Tuntun, ibòmíràn ni ó wà. Apecho, "mo ti gbà á tán", ni ọ̀rọ̀ tí ó kún inú rìsíìtì páápírù. Òun ni Pọ́ọ̀lù fi dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará Fílípì nínú orí 4, ẹsẹ 18, nígbà tí Ẹpafíródítù kó ẹ̀bùn wọn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òun náà ni Jésù lò ní ẹ̀ẹ̀mẹta nínú Mátíù orí 6, nípa àwọn tí ń fun fèrè kí wọ́n tó ṣe àánú, àwọn tí ń dúró ní ìkóríta gbàdúrà kí ènìyàn lè rí wọn, àti àwọn tí ń fa ojú ro nígbà ààwẹ̀: wọ́n ti gba owó wọn tán, wọ́n ti fọwọ́ sí i, kò kù sí ọ̀run.